Ọmọ Tí Ń Kàwé fún Agbo Ilé

Ní agbo ilé Ìbàdàn àtijọ́, láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti ẹsẹ̀ òkè Màpó wọ Bẹ́yẹrúnkà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ ìwé kíkà. Kò sí yàrá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, kò sì sí pẹpẹ ìwé lára ògiri. Ìwé tó wà nílé kì í ju mẹ́ta mẹ́rin lọ. Inú àpótí pákó ni wọ́n ń gbé, lábẹ́ aṣọ òkè tí ìyá àgbà ń tọ́jú de ọjọ́ ọdún. Láàárín nǹkan bí 1930 sí 1975, irú ilé báyìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn ti mọ ìwé Yorùbá kà. Ẹni tó bá wò ó lóréfèé yóò ní ilé tí baba kò mọ̀wé, tí ìyá kò mọ̀wé, kò lè ran ọmọ lọ́wọ́ nínú ìwé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àìmọ̀wé àwọn àgbà gan-an ló sọ ọmọ di ẹni tí wọ́n ń wá kiri ilé, nítorí létà ń dé, ìwé owó orí ń dé, Bíbélì wà nínú àpótí, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ kà wọ́n.

Ìwé kíkà nínú ilé ti wà ní Ìbàdàn kí ilé-ìwé tó gbilẹ̀ níbẹ̀. David Hinderer, òjíṣẹ́ ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS tó jẹ́ ọmọ Jámánì, kọ́kọ́ dé ìlú náà ní 1851. Ní 1853 ó mú Anna ìyàwó rẹ̀ wá, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Inú ilé tí wọ́n ń gbé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ. Olóyè Olúnlọ́yọ̀ọ́ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, lé wọn lọ́wọ́. Orúkọ Yéjídé yìí ni ilé-ìwé girama àwọn ọmọbìnrin ní Kúdẹtì ń jẹ́ títí di òní. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í wá láàárọ̀ kí wọ́n lọ lọ́sàn-án. Ibẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, wọ́n ń ránṣọ, wọ́n ń kọrin, wọ́n sì ń kàwé láàárín gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, tí ọ̀nà dí, tí oúnjẹ wọ́n, wọn kò tú ilé náà ká. Samuel Johnson, tó tẹ̀lé baba rẹ̀ wá sí Ìbàdàn ní kékeré, wà lára àwọn tó dàgbà lábẹ́ ìjọ Kúdẹtì. Ó di tíṣà nínú ìlú yìí kan náà, ó sì parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921.

Hinderer náà ló túmọ̀ ìwé John Bunyan sí Yorùbá, tí wọ́n pè ní Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìtàn tó kọ́kọ́ wọ ilé onígbàgbọ́ ní Ìbàdàn dá lórí ọkùnrin kan tó gbé ẹrù wúwo pọ̀n rìnrìn àjò. Ọmọ tó ń rí alárù lójoojúmọ́ lójú ọ̀nà oko kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ẹrù fún un.

Ohun tó wà nínú àpótí ilé tó bá lówó díẹ̀ ni Bíbélì, tí odidi rẹ̀ ti jáde ní Yorùbá láti 1884, ìwé orin, ìwé A B D, àti àwọn bébà tí kì í ṣe ìwé kíkà rárá: rìsíìtì owó orí, tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gbà ní Ìbàdàn ní 1918, ìwé ilẹ̀, ìwé ẹjọ́. Ọmọ a máa fi rìsíìtì baba rẹ̀ dánra wò, nítorí orúkọ baba wà lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó bá sì jẹ́ orúkọ ẹni kì í pẹ́ mọ̀ lójú. Ní 1911, Isaac Babalọlá Akínyẹlé, tó wá jẹ Olúbàdàn ní 1955, ṣe Ìwé Ìtàn Ìbàdàn. Ìwé náà kún fún orúkọ olóyè, ogun àti ìdílé. Ìdí nìyẹn tí àgbà kì í fi í sọ pé kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní. Ibi tí wọ́n ti dárúkọ àwọn tirẹ̀ ni yóò ní kí ó wá kàn, yóò sì ní kí ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Láti 1924, ìwé ìròyìn Yoruba News ti D. A. Ọbasá ń jáde nínú ìlú, Ọbasá yìí kan náà sì kó ewì àti òwe jọ sínú Ìwé Kìíní ti Àwọn Akéwì ní 1927. Àwọn ìwé wọ̀nyí kò pọ̀ nílé, ṣùgbọ́n wọ́n ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́.

Ẹni tó ń kọ́ ọmọ nílé kì í sábà jẹ́ òbí. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní kíláàsì kejì ló ń kọ́ àbúrò tí kò tíì bẹ̀rẹ̀. Pákó tí wọ́n fi èédú kùn tàbí síléètì tó ti sán létí ni wọ́n ń lò. Bí ẹfun bá tán, èédú ni, bí èédú bá sì dé ara ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, pàṣán ló kàn. A B D ni wọ́n ń pè é nítorí pé C kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, létà márùn-dín-lọ́gbọ̀n péré ni. Lẹ́yìn àwọn létà ni ìsílébù, tí wọ́n ń fi ohùn orin pè: ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu, títí kan gb, tó máa ń ta ọmọ tó kọ́kọ́ rò pé létà méjì ni. Ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì ti lè kà á lórí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó bá gbọ́n a fi ìka bo apá kan, a ní kí ó pe ìyókù. Ọgbọ́n yìí kò sí nínú ìwé olùkọ́ kankan tó dé agbo ilé, àwọn ọmọdé ló ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn.

Àkókò ìwé kò gùn. Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti pọnmi, tó kiri ọjà dé, tí wọ́n jẹun alẹ́ tán, àtùpà elépo tàbí ti kẹrosíìnì kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹni tó ń darí rẹ̀ sì ni ìyá tó ń ka owó ọjà. Àwọn tí ìyá wọn ń tajà ní Ọjà'ba ló rọrùn fún jù, nítorí ọjà náà ń ná lálẹ́, iná àtùpà lórí àtẹ sì pọ̀. Ọmọ tó ń ṣọ́ àtẹ ata a máa gbé ìwé lé itan, ojú kan lórí ìwé, ojú kan lórí ata.

Ilé kéwú ni ilé-ìwé tí ọ̀pọ̀ ọmọ àárín ìlú kọ́kọ́ mọ̀, nítorí Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní agbègbè Ọjà'ba àti Elékùrọ́. Wàláà ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí, tàdáwà ni wọ́n fi ń kọ ọ́, wọ́n á sì fọ̀ ọ́ dànù kí ẹsẹ mìíràn tó bọ́ sí i. Àwọn kan lára àwọn olùkọ́ ilé-ìwé máa ń ráhùn pé kéwú ń gba àkókò ọmọ. Ìráhùn yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọmọ tó ti ilé kéwú bọ́ sí ilé-ìwé ti mọ̀ pé àmì orí bébà ń dúró fún ohùn, ó ti mọ bí a ṣe ń jókòó ti iṣẹ́ kan títí yóò fi mọ́, ó sì ti mọ̀ pé ìwé ní ọ̀wọ̀: wọn kì í gbé e sílẹ̀ lásán, wọn kì í jókòó lé e. Bí ọmọ bá parí ìpín kan nínú Kùránì, ẹbí a ṣe wòlímọ̀ fún un, ìyá rẹ̀ a ná owó, aládùúgbò a jẹun. Ìyàtọ̀ pàtàkì kan wà níbẹ̀. Ọmọ ń ka Lárúbáwá tí kò gbọ́, ohùn nìkan ni àgbà lè yìn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ka Yorùbá, àgbà tí kò mọ A gbọ́ ohun tó ń kà, ó sì lè bá a jiyàn.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ìwé Yorùbá àtijọ́ kì í sábà ní àmì ohùn lórí. Ọmọ tó bá rí i-g-b-a lórí ìlà kan ní láti yan ọ̀kan nínú igba, igbá, ìgbà àti ìgbá, ojú ìwé kò sì ní sọ fún un. Bí ó bá kà pé obìnrin náà ra igba lọ́jà, ìyá àgbà tó ń ṣa ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ a béèrè pé igba kí ni? Ọmọ a padà sórí ìlà, a tún un wò, a kà á ní igbá. Ìyá àgbà kò mọ létà kan, síbẹ̀ òun ló tọ́ ọmọ sọ́nà, nítorí etí rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe èyí lálaalẹ́, ọmọ a kọ́ ohun tí tíṣà kì í ráyè kọ́ ọ nínú kíláàsì àádọ́ta ọmọ: pé kí ó gbọ́ ara rẹ̀ bó ti ń kàwé, kí ó sì dúró nígbà tí ọ̀rọ̀ kò bá bá ara mu. Àwọn ọmọ tí òbí wọn jẹ́ akọ̀wé, tí wọ́n ń dá kàwé sínú nínú yàrá wọn, kò rí irú olùgbọ́ yìí, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n pàdánù nǹkan.

Létà ló ń mú iṣẹ́ náà le. Àwọn ọmọ ilé wà ní Èkó, ní Jọ́ọ̀sì, ní Kùmásí. Nígbà ogun Hitler, àwọn kan wà ní Bọ́mà. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Màpó ní 1929, tí ìgbìmọ̀ ìlú àti ilé ẹjọ́ wà lórí òkè yẹn, àwọn akọ̀wé létà wà ní àyíká rẹ̀ pẹ̀lú tábìlì kékeré wọn, wọ́n ń gba kọ́bọ̀ láti kọ̀wé àti láti kàwé fún ará ìlú. Ìwé ẹ̀bẹ̀ àti ìwé ẹjọ́ ni wọ́n ń gbé lọ bá wọn. Ọ̀rọ̀ ilé kì í ṣe ohun tí a ń gbé lọ bá akọ̀wé ojúde, ọmọ ilé ni wọ́n ń pè. Yóò wẹsẹ̀, yóò jókòó lórí ẹní níwájú baálé, yóò kọ́kọ́ ka gbogbo kíkí tó wà lókè, tí kì í sì kéré, nítorí ẹni tó kọ ọ́ ti kí gbogbo ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ a bi ọmọ bóyá ó fò ó.

Àwọn ọmọ tó gbọ́n tètè mọ̀ pé a kì í ka òkú sókè. Bí ojú bá dé ibi tí létà ti ní ẹnìkan kú, ọmọ a dákẹ́, a na bébà náà sí ẹ̀gbọ́n tó dàgbà jù lọ, tàbí kí ó dìde lọ sọ ọ́ sí baálé létí. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn ní èyí bí ẹ̀kọ́. Àwọn tó ṣe àṣìṣe nínú rẹ̀ rántí rẹ̀ dọjọ́ ogbó.

Èrè iṣẹ́ yìí kì í ṣe owó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tọ́rọ́ tàbí àkàrà máa ń bọ́ sí i lọ́wọ́ nígbà mìíràn. Oríkì ni. Ìyá àgbà tí ọmọ ka ìwé fún títí ó fi yé e a kì í láti orí baba ńlá rẹ̀ wá sílẹ̀, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ a sì gbọ́. Àwọn ìyàwó ilé tún ní tiwọn. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ní orúkọ, ó ní láti fún un ní orúkọ mìíràn, ọmọ tó bá sì mọ̀wé kà ni wọ́n ń sọ ní Akọ̀wé tàbí Tíṣà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí gbogbo ìyàwó agbo ilé ń pè ní Akọ̀wé láàárọ̀ àti lálẹ́ kò ní fẹ́ kí ojú ti òun níwájú ìwé. Pàṣán tíṣà kò ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, pẹ̀lú ètò tí S. O. Awókọ̀yà, mínísítà ẹ̀kọ́, ti gbé kalẹ̀ láti 1952. Iye ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí èyí tó lé ní 811,000 lọ́dún yẹn. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀ a ní kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kan etí òsì. Bí ó bá kàn án, ó tó. Lójú kan náà, agbo ilé tó ní ọmọ kan tó mọ̀wé di èyí tó ní mẹ́wàá, ìwé kan náà sì ni gbogbo wọn gbé délé: Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ, láti Ìwé Kìíní dé Ìwé Kẹfà. Ọdúnjọ mọ ọmọdé. Ìtàn inú ìwé rẹ̀ kúrú tó láti kà tán kí epo àtùpà tó gbẹ, ewì rẹ̀ sì rọrùn láti há sórí, débi pé àwọn ìyá tí kò wọ ilé-ìwé rí mọ̀ ọ́n lẹ́nu ọmọ wọn. Nípa èyí nìkan, kò sí ìwé ọmọdé mìíràn ní Yorùbá tó wọ inú ilé tó bẹ́ẹ̀.

Ìwé D. O. Fágúnwà kì í ṣe ti ọmọdé, ṣùgbọ́n ọmọdé ló ń kà á fún àgbà. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó sì tẹ̀lé e ní 1949. Ọ̀rọ̀ inú wọn gùn, ó sì le lẹ́nu. Ọmọ tó kọsẹ̀ lórí ìlà kan kò lè rí ìrànlọ́wọ́ gbà bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí àgbà pàápàá kò mọ ibi tí ìtàn ń lọ. Gbogbo wọn ló ń dúró de ohun tí iwin inú ìtàn yóò ṣe. Bàbá ọdẹ tó wà nínú ilé a máa já àwọn apá kan níyàn, a ní igbó kò rí bẹ́ẹ̀. Ààlọ́ ti kọ́ etí ilé bí a ti ń gbọ́ irú ìtàn yìí: àwọn olùgbọ́ ń dáhùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ní kí ọmọ dúró kí àwọn sọ̀rọ̀ lé e. Àwọn kan bẹ̀rù pé ìwé yóò pa ààlọ́. Fún bí ogún ọdún, ààlọ́ ló ń gbé ìwé ró.

Nǹkan kíkà pọ̀ sí i lẹ́yìn náà. Ẹ̀ka ìtẹ̀wé Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn ń gbé Aworẹrìn jáde, tó kún fún àwòrán àti àwàdà. Ilé ìtẹ̀wé Onibonoje, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1958, ń tẹ ìwé Yorùbá tí owó rẹ̀ kò wọ́n. Ìwé Atọ́ka bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ó ń fi fọ́tò àwọn eléré orí ìtàgé sọ ìtàn, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì wà lára fọ́tò. Àwọn òbí tó mọ̀wé a máa gbà á lọ́wọ́ ọmọ pé eré ni. Ó jọ pé àwọn òbí náà ṣi í mú, nítorí ọmọ tó ń sá fún Bíbélì ń ka Atọ́ka láti èèpo dé èèpo, ó sì ń dúró de èyí tó kàn. Ìwé ìròyìn Gbohùngbohùn ti ilé-iṣẹ́ Sketch tẹ̀lé e ní 1970. Nígbà yìí, asọ̀rọ̀mágbèsì ti wà lára ògiri, tẹlifíṣàn WNTV sì ti ń ṣiṣẹ́ láti 1959, ṣùgbọ́n ilé tó ní in ní Bẹẹrẹ kò pọ̀, ojú fèrèsé ni ọmọ ẹlòmíràn ti ń wò ó.

Ìjà kan tó kéré ṣùgbọ́n tó wọ gbogbo ilé ni ti àkọtọ́. Ìpàdé tí CMS ṣe ní Èkó ní 1875 ló fìdí bí a ṣe ń kọ Yorùbá múlẹ̀, ìwé tí àwọn baba kà sì tẹ̀lé e: aiye, ẹiyẹ, enia, on. Nígbà tí ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974, ọmọ ń ti ilé-ìwé dé pẹ̀lú ayé, ẹyẹ, ènìyàn, òun. Baba tó fẹ́ ran ọmọ lọ́wọ́ ń kọ ohun tí tíṣà máa fa ìlà pupa sí. Àwọn kan bínú, wọ́n ní kí tíṣà lọ ka Bíbélì. Ìyá àgbà tí kò mọ̀wé nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kò kàn, nítorí létí rẹ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀.

Láti nǹkan bí ìgbà náà ni ipò ọmọ nínú ilé ti ń yí. Jẹ́lé-ó-sinmi tó ń gbowó, tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀, pọ̀ sí i, ìwé tí ọmọ ń gbé bọ̀ sì di èyí tí ìyá àgbà kò gbọ́. Ọmọ ń kà á, ilé dákẹ́. Babs Fáfúnwà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1970 tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, ó sì yọrí sí rere, ṣùgbọ́n kò dé ilé-ìwé tó ń gbowó. Ní ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adétòwún Ògúnṣẹ̀yẹ dá ilé ìkàwé Abadina sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, ibi tí wọ́n ti lè mú ìwé fúnra wọn láìsí ìdánwò lẹ́yìn rẹ̀. Àárín ìlú kò ní irú rẹ̀. Nígbà tí tẹlifóònù gba iṣẹ́ lọ́wọ́ létà, kò sí ohun tí baálé tún ń pe ọmọ sí orí ẹní láti wá kà.

Àwọn àpótí náà ṣì kù ní ilé mélòó kan ní Bẹ́yẹrúnkà àti Ọjà'ba. Aláwìíyé tó wà nínú wọn ti pọ́n lójú ewé, ikán ti jẹ igun rẹ̀, wọ́n sì ti fi òwú rán ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni wọ́n ń kọ orúkọ sí. Orúkọ ẹ̀gbọ́n ló wà lókè pẹ̀lú ọdún àti kíláàsì, ìlà kan sì gba orí rẹ̀ kọjá. Orúkọ àbúrò wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n fa ìlà sí òun náà, lẹ́yìn náà ọmọ ìyàwó kejì, lẹ́yìn náà ọmọ ẹ̀gbọ́n baba. Òmíràn ní orúkọ mẹ́fà tàbí méje, tí ọwọ́ ìkọ̀wé wọn yàtọ̀ síra. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni kò ní ìlà lórí.